Fífi Ibi Tí A Wà Han Ara Wa Lórí Fóònù: Ìfọkàntán Láàárín Ọkọ àti Aya

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn àti èyí tí ó pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti fún wa ní àǹfààní láti fi ibi tí a wà han ẹlòmíràn bí a ti ń rìn, fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8. Google Maps náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oore wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbé pákó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà Àbígi tàbí Ìwópìn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ti Àgọ́-Ìwòyè bọ̀ wálé: ọkàn àwọn ará ilé wọn a balẹ̀ bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti ń súnmọ́lé.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá mú fóònù aya rẹ̀ nígbà tí ó ń sùn, tí ó tan ohun èlò yìí ní kọ̀rọ̀, tàbí tí aya ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ, kì í ṣe ìtọ́jú mọ́, ìtọpinpin ni. Nínú Súrà al-Hujurāt, āyà 12, Ọlọ́hun kọ èrò àìdáa, lẹ́yìn náà ìtọpinpin, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀kan ni ó ń bí èkejì. Yorùbá ń sọ pé ìfura ni oògùn àgbà. Oògùn tí a bá lò kọjá ìwọ̀n a sì máa di májèlé.

Nínú hádíìsì tí Jābir gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Muslim, Ànọ́bì kọ̀ fún arìnrìn-àjò láti yọ sí ará ilé rẹ̀ lóru nítorí àtiwá àṣìṣe wọn. Bí èyí kò bá tọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, báwo ni ṣíṣọ́ni tọ̀sán-tòru láti inú àpò ẹ̀wù yóò ṣe tọ́?

Àwọn kan yóò wí pé: ẹni tí kò ní àṣírí, kí ló ń bẹ̀rù? Ìdáhùn wa ni pé àṣírí ẹlòmíràn lè wà lọ́wọ́ rẹ̀: àbúrò tí ó sìn lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rẹ́ tí ó ń bá bẹ olówó. Fóònù pàápàá a máa ṣìnà. Ní àwọn abúlé etí omi àti inú igbó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, ó lè dúró sórí ibi tí ó ti gba ìròyìn kẹ́yìn. Ọkọ yóò rí àmì aya rẹ̀ lójú kan fún wákàtí mẹ́ta, yóò sì ti dájọ́, nígbà tí aya ti délé ìyá rẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tí a ń fura sí náà ní ojúṣe. Nígbà tí Ànọ́bì ń sin Sọfíyyà ìyàwó rẹ̀ jáde ní mọ́sálásí lóru, tí àwọn ará Mẹdínà méjì rí wọn, òun fúnra rẹ̀ ni ó pè wọ́n, tí ó sì sọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Wọn kò tọpinpin rẹ̀. Òun ni ó ṣàlàyé.

Nítorí náà:
1. Kí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó tan án, kí ó sì jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì.
2. Kí ó wà fún ìrìn àjò. Bí a bá gúnlẹ̀, kí a pa á.
3. Kí a béèrè lẹ́nu ara wa. A kò gbọdọ̀ fi àmì orí fóònù ṣe ẹlẹ́rìí.
4. Bí ìjà bá le, kí a pe onílàjà kan láti ilé ọkọ àti ọ̀kan láti ilé aya, bí Súrà an-Nisā', āyà 35, ti là á sílẹ̀.

Aṣọ ni Ọlọ́hun pe tọkọtaya fún ara wọn nínú Súrà al-Baqarah, āyà 187. Aṣọ a máa bo ìhòòhò ni. Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ àti ìfọkànbalẹ̀ sí ilé wa. Āmīn.