Ẹ Má Fi Káàdì Wo Ìwà Olóṣèlú

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń rí yín tí ẹ ń ṣí káàdì tarot lórí fóònù, kí ẹ lè mọ oníwà rere nínú àwọn tó ń du ipò. Eré lásán ni wọ́n ń fi káàdì yẹn ṣe ní Ítálì ní ọ̀rúndún 15; ó di ọ̀rúndún 18 kí àwọn ará Faransé tó sọ ọ́ di ohun àyẹ̀wò. Àní bí a bá bi Ifá léèrè lórí ọ̀rọ̀ ọba, àwọn afọbajẹ ṣì ń yẹ ọmọ oyè wò.

Dípò káàdì, ẹ lọ sí àdúgbò olùdíje kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bóyá ó san owó wọn. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ìyá ọlọ́jà Òkè-Ajé dáadáa, ọmọ mi, nítorí wọn kì í gbàgbé ajẹgbèsè. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, máa ń lẹ ìwé tí olùdíje fi búra síta. Ẹ kà á. Bó bá ti wà nípò rí, ẹ fi ojú ara yín wo iṣẹ́ tó ní òun ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí kí ìbò 2027 tó dé.