Ẹ Dá Fílítà Alùpùpù Yín Padà Sáyè Rẹ̀

*Òṣìṣẹ́ àjẹsára ni mí ní Òkè-Ògùn. Yamaha DT 125 ni mo fi ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ojú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa sì ni gbogbo rẹ̀. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni alùpùpù náà ti ń ṣàárẹ̀. Kò lè gun òkè mọ́, èéfín dúdú ń jáde ní sàláńsà, ó sì ń mu epo jù. Mẹkáníìkì tú fílítà rẹ̀, ó ní fílítà náà ni kò jẹ́ kó mí, ó sì jù ú nù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ gùn ún bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bí mo bá sì ra fílítà mìíràn, báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú rẹ̀? Ṣé nǹkan ò tíì bàjẹ́ báyìí?* — Òṣìṣẹ́ ìlera, Òkè-Ògùn

Ọkọ yín ló jàre, arábìnrin mi. Ẹ má tan alùpùpù yẹn mọ́ láìsí fílítà, ìbáà ṣe láti ilé dé ọjà.

Mẹkáníìkì yín kò purọ́ nípa ohun tó rí. Kí lítà epo bẹntiróòlù kan tó lè jó, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bí 9,000 lítà mọ́ ọn. Bí eruku bá ti dí fílítà, afẹ́fẹ́ kò ní tó mọ́, epo á wá pọ̀ jù. Ohun tó ń mú èéfín dúdú jáde nìyẹn, òun náà ló ń sọ púlọ́ọ̀gì di dúdú. Nígbà tó yọ fílítà, afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ara alùpùpù sì yá. Ṣùgbọ́n inú 9,000 lítà yẹn náà ni eruku wà. Eruku ọ̀nà yín kún fún iyanrìn tó kúnná, iyanrìn sì le ju irin sìlíńdà àti ríìǹgì lọ. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tún ń gbé òmíràn wá sórí rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Yàtọ̀ sí èyí, fílítà wà nínú ìṣirò àwọn tó ṣe kábúrétọ̀ yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná kọjá bó ṣe yẹ.

Tiyín tiẹ̀ léwu ju ti ọ̀kadà tó wà káàkiri ìlú. Nínú ọ̀kadà bíi Boxer, afẹ́fẹ́ àti epo máa ń gba orí wọ sìlíńdà tààrà. Túù-sítúróòkù ni DT. Ikùn ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, níbi tí kíráńkì àti bẹ́ríǹ rẹ̀ wà, ni afẹ́fẹ́ àti epo ń kọ́kọ́ gbà kó tó gòkè. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tí páǹpù ń fún un ló wà níbẹ̀, kò tó láti fọ eruku kúrò. Nítorí náà, eruku á ti máa jẹ bẹ́ríǹ kó tó dé ọ̀dọ̀ písítìn rárá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun alùpùpù kò mọ̀. Fóòmù ni fílítà DT, ihò ara rẹ̀ sì tóbi ju eruku ọyẹ́ lọ fíìfíì. Ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ fóòmù ló ń mú eruku. Mo máa ń rí ẹni tó fọ fílítà rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó sá a gbẹ, tó sì dá a padà bẹ́ẹ̀ láìfi ọ́ìlì sí i. Inú rẹ̀ á dùn pé òun ti tọ́jú ẹ̀rọ òun, bẹ́ẹ̀ eruku ń kọjá lọ sínú ẹ́ńjìnnì ni.

Ẹ ra fóòmù méjì tó jẹ́ ti DT gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì fún yín. Oru epo máa ń jẹ ẹ́, á máa rún, ẹ́ńjìnnì á sì fa rírún rẹ̀ mì. Bí ọ̀kan bá wà lára alùpùpù, kí èkejì ti mu ọ́ìlì, kó wà nínú ọ̀rá, kó lè jẹ́ pé ní àárọ̀ tí ẹ bá ń kánjú, pípààrọ̀ lásán ló kù.

Kí ẹ tó yọ èyí tó wà lára alùpùpù, ẹ nu inú àpótí fílítà, kí ẹ sì fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu ihò tó lọ sí kábúrétọ̀ gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti yọ ọ́. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ rárá, nítorí iná, àti nítorí pé ó ń tú gọ́ọ̀mù tó so fóòmù pọ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ má lọ́ ọ, torí ojú oríkèé rẹ̀ á ya. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ kẹrosíìnì kúrò, ẹ ṣàn án dáadáa, kó gbẹ pátápátá lábẹ́ òjìji. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ́ìlì lẹ̀.

Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún fílítà fóòmù ló dára jù, torí ó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí kò bá sí lọ́jà yín, ẹ lo ọ́ìlì gíà, 80 sí 90. Honda pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé àwọn alùpùpù igbó wọn àtijọ́ kan. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n tú láti inú mọ́tò kò dára rárá, irin lẹ́búlẹ́bú wà nínú rẹ̀. Ẹ po ọ́ìlì náà mọ́ fóòmù títí gbogbo ara rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà, kí ẹ sì fún un títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ wá fi gíríìsì díẹ̀ pa etí rẹ̀ níbi tó ti jókòó, torí fílítà tí kò bá jókòó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni eruku máa gbà.

Nígbàkigbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ti ìka bọ inú rọ́bà tó lọ sí kábúrétọ̀. Bí ìka bá jáde pẹ̀lú eruku, fóòmù ti ya tàbí kò jókòó dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì rìn lẹ́yìn tírélà, ẹ wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti bóyá nǹkan ti bàjẹ́, ẹ má wo èéfín, torí túù-sítúróòkù a máa yọ èéfín díẹ̀ bó tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ pa alùpùpù, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ kíkì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó tì yín padà. Bó bá rọ̀ wọ̀ọ̀, ó ṣeé ṣe kí ríìǹgì ti jẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fílítà sí i, ẹ wá tàn án, kí ẹ tẹ́tí sí ikùn ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń kan kókókó níbẹ̀, tó ń yára sí i bí ẹ ṣe ń fún un ní iná, kíráńkì ni. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn tí abẹ́rẹ́ yóò fi dé abúlé, nítorí bẹ́ríǹ tó bá há lójú ọ̀nà lè dá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró lójijì nígbà tí ẹ wà lórí eré.