Àpótí Ìmọ̀: Aláìsàn Gẹ́gẹ́ Bí Alábàáṣe Nínú Ìwádìí Ìṣègùn
Alábàáṣe nínú ìwádìí, ìyẹn aláìsàn tí ń bá àwọn olùwádìí gbèrò, yàtọ̀ sí ẹni tí a kàn ń dán oògùn wò lára rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò fún àrùn yírùnyírùn ní Kánò lọ́dún 1996, àwọn òbí kan ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti sọ ìyọ̀ǹda alákọsílẹ̀ di dandan, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá yé ènìyàn kò wúlò. Nítorí náà, fún alábàáṣe kan ní ìlú Ìlerò tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí Ìbàdàn tí àwọn olùwádìí wà sì jìn sí, bíbá wọn yẹ ìwé ìyọ̀ǹda lédè Yorùbá wò láti ilé lè sàn ju ìpàdé lemọ́lemọ́ níbẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì pè é sí ìpàdé, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀.