Lórí Kẹ̀kẹ́ láti Òṣogbo dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ kà lónìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ń wí o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà.

Ní ilẹ̀ Japan, àwọn ènìyàn a máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe ìsinmi. Wọn a kó ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọn a máa lọ láti ìlú dé ìlú, láti oko dé oko. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Shimanami Kaido. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣí i. Ó gùn tó nǹkan bí 70 kìlómítà, láti ìlú Onomichi dé ìlú Imabari, ó sì ń gba orí afárá ńláńlá kọjá láti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Lórí àwọn afárá náà, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní ipa tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí a sọ èyí ní kíláàsì alẹ́ wa ní Òṣogbo, bàbá kan tí ó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìsinmi kẹ̀? Èmi tí mo fi kẹ̀kẹ́ jẹun!"

A kò ní dárúkọ Bàbá yìí, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa láyè láti kọ ìtàn wọn. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, Òṣogbo ni wọ́n ń gbé. Nígbà èwe wọn, òṣómàáló ni wọ́n. Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọn a ru aṣọ lọ sí ìlú àti abúlé ọ̀nà jíjìn, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, oníṣòwò a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ní, "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn mìíràn ń fi orúkọ yìí bú ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Lójú tiwa, kì í ṣe èébú. Iṣẹ́ àṣekára ni, òun ni ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ní àkọ́kọ́, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù aṣọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń dì í mọ́.

Bàbá bẹ̀ wá pé kí a bá àwọn lọ sí Iléṣà. Wọ́n ní ìwé ìṣirò òwò àwọn àtijọ́ wà nínú àpótí ní ilé bàbá àwọn. Láyé ọjọ́un, àwọn kò lè kà á. Wàyí o, àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn kà á. Ọmọ ọdún 69 ni wọ́n nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn wá sí kíláàsì lójoojúmọ́. A ní kí a wọ mọ́tò. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Báyìí ni àwa olùkọ́ méjì àti Bàbá ṣe gun kẹ̀kẹ́ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró.

Kí a tó lọ, a yẹ kẹ̀kẹ́ wò. A fún tayà mọ́tò mọ́tò bí a ṣe ń dán èso wò, bóyá afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. A tẹ bìréèkì ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. A fi òróró sí ṣéènì. A mú pọ́ǹpù, sípánà, rọ́bà àlẹ̀mọ́, sọ́lúṣọ̀n, àti omi mímu lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn tí kò mú pọ́ǹpù, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni a ti gbéra. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo, láti ìgbà náà ni ọjà àti èrò sì ti ń wọ ìlú aró wá. Igbó Ọ̀ṣun kò jìnnà síbẹ̀. Àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó yìí mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ìyá òyìnbó ará Austria nì, Susanne Wenger, tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ṣe iṣẹ́ ọnà púpọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì kú ní Òṣogbo ní 2009. A kò yà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú ọ̀nà Ìbòkun ni a kọjú sí.

Oko kòkó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, oko ẹ̀gẹ́. Bí ènìyàn bá wà nínú mọ́tò, wọn yóò kàn fò kọjá ni. Lórí kẹ̀kẹ́, a gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rẹ, a sì kí àwọn tí ń ṣa obì. Gbogbo pátákó tí a bá rí lẹ́bàá ọ̀nà ni Bàbá ń kà sókè: orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ilé ìwé, "Ibí yìí kì í ṣe ibi ìdàlẹ̀nù." Bí wọ́n bá ti rí pátákó, wọn a dúró. A sọ fún wọn pé bí a bá ń lọ báyìí, ilẹ̀ yóò ṣú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní sùúrù fún mi."

Kí a tó dé Ìbòkun ni tayà wa ọ̀kan jò. Ẹ jẹ́ kí á sọ bí a ṣe lẹ̀ ẹ́, nítorí yóò wúlò fún yín. A yọ rọ́bà inú tayà, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, a sì rì í bọ inú abọ́ omi tí obìnrin kan yá wa. Ibi tí omi ti ń hó kúlúkúlú, ibẹ̀ ni ihò wà. A nù ún gbẹ, a fi pépà oníyanrìn họ ojú ibẹ̀, a fi sọ́lúṣọ̀n pa á. A kò tíì lẹ nǹkan kan mọ́ ọn o. A dúró kí sọ́lúṣọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni a wá tẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn gidigidi.

Bí a ti ń dúró, Bàbá bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́. A sọ fún wọn pé ará Jámánì kan, Karl von Drais, ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan ní ọdún 1817, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́dàlì. Ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó gùn ún fi ń ti ilẹ̀. Ní 1888, dókítà ẹran kan ní ìlú Belfast, John Dunlop, gba ìwé àṣẹ lórí tayà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó fi ronú kàn án. Bàbá ní, "Dókítà ẹran! Ẹ wò ó bí ọgbọ́n ṣe ń gba ọ̀nà ibi tí a kò rò wá."

Ní Ìbòkun a sinmi, a jẹ iyán. Ìtàn sọ pé Ajíbógun, ọmọ Odùduwà, ni ó lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú bàbá rẹ̀ tí ó fọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń pè é ní Obòkun, tí ọba Iléṣà sì ń jẹ́ Ọwá Obòkun títí di òní. Láti ibẹ̀, a gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Òkè pọ̀ lọ́nà náà. Tí òkè bá ti ga jù, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó máa ti kẹ̀kẹ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. A ti rìn ju ọgbọ̀n kìlómítà lọ kí a tó rí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, oòrùn sì ti ń wọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, iná mọ̀nàmọ́ná kò sí. Tọ́ọ̀ṣì ni a fi ṣí àpótí. Ìwé kékeré ẹlẹ́yìn pupa kan ni Bàbá mú jáde. Nínú rẹ̀, ilà ni Bàbá fúnra wọn fà: ilà gígùn dúró fún pọ́n-ún kan, ilà kúkurú fún ṣílè kan. Àbúrò wọn tí ó mọ̀wé ni ó ń kọ orúkọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà. Bàbá ń ka orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé báyìí ni a ṣe ń kọ orúkọ lágbájá!" Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé kan tí ilà gígùn méje àti ilà kúkurú mẹ́wàá wà, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ilà náà, ní ọwọ́ àbúrò. Bàbá fi ìka tọ̀ ọ́: "Mo... gba... N15... lọ́wọ́ rẹ̀. 20/10/73. Ó ti san tán."

Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n sì tún ṣí i. Wọ́n bi wá pé, "Ṣé bí mo ṣe kà á ló rí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà fi owó pọ́n-ún sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Pọ́n-ún kan di náírà méjì. Nítorí náà pọ́n-ún méje àti ṣílè mẹ́wàá jẹ́ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Oníbàárà náà kò jẹ kọ́bọ̀ kan.

Bàbá wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1973 àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, àbúrò ni ó lọ ń gba owó kiri. Ní 1974 ọkọ̀ pa àbúrò náà kí wọ́n tó jókòó ṣírò. Nígbà tí ara Bàbá le, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n rí ilà wọn láìsí ohun tí ó pa á rẹ́. Ní 1975 wọ́n lọ sí abúlé oníbàárà náà, lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọkùnrin náà búra pé òun ti san. Kò ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, òun náà kò sì mọ̀wé. Bàbá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ń wò. Nígbà tí ìtìjú pọ̀, ọkùnrin náà ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì san owó náà lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi," ni Bàbá wí. "Ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó wà nínú àpótí mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gba Ìwàràjà àti Ẹ̀rìnmọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ni omi Olúmirin ti ń dà sílẹ̀ láti orí àpáta ní ipele méje. A ti fẹ́ gùn ún dé ipele kejì, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n Bàbá kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti jí, àwa náà kò ní ọkàn ìran wíwò mọ́. A fi ọwọ́ bu omi náà, a bọ́ ojú, a tẹ̀síwájú.

Oníbàárà náà ti kú ní 1998. Ìyàwó rẹ̀ ni a bá níwájú ilé, ó ń yan ẹ̀wà. Bàbá ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Bóyá ẹ rántí mi."

Ìyá wò wọ́n títí. "Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé yín, Òṣómàáló?"

Bàbá lóṣòó láti tọrọ àforíjì. Kíá ni Ìyá pariwo: "Ẹ dìde! Ẹ dìde jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún lóṣòó níwájú ilé yìí mọ́ láyé mi." Bàbá dìde. Wọ́n fi ìwé hàn án, wọ́n sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe owó ló dùn wá. Wọ́n ń pe ọmọ wa ní ọmọ ajẹgbèsè ní ilé ìwé." Ó nawọ́ sí sàréè tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. "Ẹ lọ kà á fún un."

Bàbá lọ dúró níbẹ̀. Àwọn ará ilé jáde, àwọn aládùúgbò méjì mẹ́ta sì wá. Bàbá kà á sókè, wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ní ẹ̀ẹ̀kan, ohùn wọn há. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un kà títí dé "Ó ti san tán."

Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 2019 kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó omi inú ọ̀rá kan lọ. Bàbá kò tilẹ̀ yọ owó. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn wá síwájú Ìyá, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ni ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ, kẹ̀kẹ́ ni kí ó padà. Ìyá ní òun yóò rò ó. Ó wọlé. Nígbà tí ó jáde, abọ́ ẹ̀wà ni ó gbé fún wa, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan pé kí ó wá wo kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tó pẹ́dàlì. Bàbá gba sípánà lọ́wọ́ wa, wọ́n tú ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Mọ́tò ni Bàbá wọ̀ padà sí Òṣogbo.

Fún kíláàsì: Ẹ ka ojú ewé tí ó sọ bí a ti ń lẹ rọ́bà, kí ẹnì kan ṣe é lójú gbogbo yín. Bí ènìyàn bá jẹ £4 5s ní 1972, náírà àti kọ́bọ̀ mélòó ni ó jẹ ní 1973? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ẹ̀rí owó kan: orúkọ ẹni tí ó san, orúkọ ẹni tí ó gbà, iye owó, àti ọjọ́.