ẸJỌ́ TẸ́TẸ́ ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ NÍ ÌPÍNLẸ̀ WASHINGTON

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dàpọ̀: bóyá tẹ́tẹ́ títa dára, àti ta ni ó ní àṣẹ láti kà á léèwọ̀. Ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà yóò kọ́ wa láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Washington sọ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀ràn ńlá, èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Ẹ kíyèsí i pé, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ẹni tí ó jókòó ti tábìlì ní ilé káàdì tí ó ní ìwé àṣẹ kò rú òfin kankan. Ẹni tí ó ta irú ayò kan náà nínú yàrá ara rẹ̀ ni ọ̀daràn! Èmi kò lè pe èyí ní ohun kékeré.

Agbẹjọ́rò kan, Lee Rousso, tí òun pàápàá ń ta poker, pe ìjọba ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ohun tí ó dì mú ni pé òfin-ìpìlẹ̀ fi àkóso òwò láàrin ìpínlẹ̀ àti ìpínlẹ̀ lé Ilé Aṣòfin gbogbo Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Nítorí náà ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ oníṣòwò òkèèrè kí ti ilé lè máa jèrè.

Ní ọdún 2010, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Washington fi ohùn kan dájọ́, ẹjọ́ náà kò sì gbe Rousso. Wọ́n ní òfin náà kò ṣe ojúsàájú, nítorí onílé káàdì inú ìpínlẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ gbé ayò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rousso ní, kí ló dé tí a kò kúkú fi ìlànà sí i, kí a sì máa ṣọ́ ọ? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lágbára jù, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ dáhùn pé yíyan ọ̀nà tí a ó fi dáàbò bo ọmọdé, àti ẹni tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún, iṣẹ́ aṣòfin ni. Wọn kò wọn ọgbọ́n inú òfin náà. Agbára láti ṣe é ni wọ́n wò. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 náà bá bí nínú, ọ̀dọ̀ aṣòfin tí ó ń dìbò fún ni kí ó gbà lọ.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dé ilé wa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pè, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005, ó ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Àbújá kò ní àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ nínú àwọn ìpínlẹ̀. Ọwọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀ràn náà wà nísinsin yìí.