Kábúrétọ̀ Ẹ̀rọ Agégi

Ìlú àgbọn ni Àgbádárìgì. Ní ọjọ́ kan, igi àgbọn kan fì sí ilé opó kan. Agégi dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀, kò dún. Ó rán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ ra kábúrétọ̀, ọmọ náà sì ra èyí tí ó jọ ti àtijọ́. Ẹ̀rọ dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí písítìnì rẹ̀ fi gbóná, tí ó sì gan pa.

Kí ni ó fà á? Kábúrétọ̀ ni ó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo. Inú epo pẹtiróòlù kan náà ni ọ́ìlì tí ń dáàbò bo písítìnì wà. Nítorí náà, bí epo bá kéré jù, ọ́ìlì pẹ̀lú a dín, irin a sì máa ha irin.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra òmíràn, kí ó kọ́kọ́ fọ ti àtijọ́ wò. Bóyá ìdọ̀tí ni gbogbo àrùn rẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ó ka nọ́ńbà tí Walbro tàbí Zama tẹ̀ sí i lára, kí ó sì fi ihò bóòtù, ẹnu afẹ́fẹ́ àti ojú ibi tí rọ́bà epo ń wọ̀ wé ti tuntun. Nígbà tí ó bá dè é tán, tí kò tí ì fún ẹ̀rọ ní iná, ẹ̀wọ̀n ayùn gbọdọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń yí, ó lè gé ẹsẹ̀ ẹni.

Ẹ̀yin ọmọ, ìbejì a máa jọra, ṣùgbọ́n ìyá wọn mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.