Sọ̀ Kí O Tó Ṣubú

Ìyá mi, mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kí n má parọ́, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìyá àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé kànga ni ọmọ yìí já sí ni?" Ẹyinjú rẹ àti eyín rẹ nìkan ló ṣẹ́kù tí ẹrẹ̀ kò kùn. Kẹ̀kẹ́ wà léjìká rẹ, ẹsẹ̀ kan wà lókè, èkejì ti rì wọnú potopoto. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀: pé ipò 31 lo ṣe nínú ẹ̀yin 34, pé ẹni tó gba ipò kìíní ti yí pápá náà ká títí tó fi tún wá bá ọ láti ẹ̀yìn, tó sì kọjá lára rẹ bí ẹni pé òpó lo jẹ́, pé ó ti sú ọ, o fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ náà.

Màmá rẹ ti pè mí kí ìwọ tó pè. Ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀, màá dé ibẹ̀.

Má tíì tà á. Jókòó ná.

Mo ní kí àbúrò rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa bá mi wá eré kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń pè ní cyclocross yìí sórí fóònù, kí n má baà máa sọ ohun tí n kò mọ̀. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé, ní Adégbàyí níbí, a wò ó títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn ènìyàn tò lórí ìlà, wọ́n ní ó yá, gbogbo wọn kọrí sínú pápá, sínú igbó, sínú ẹrẹ̀. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀, wọ́n á sọ̀, wọ́n á fò kọjá pákó tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká sáré gun òkè, wọ́n á tún fò gorí rẹ̀. Àbúrò rẹ ní òfin wà: pákó náà kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 40, táyà àwọn tó ń díje fún adé àgbáyé kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 33 lọ. Mo bi í pé, "Ta ló ń lé wọn?" Ó ní kò sẹ́ni tó ń lé wọn, àwọn fúnra wọn ló sanwó kí wọ́n lè wọlé.

Mo rẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi mú mi. Ohun tí ẹ̀ ń sanwó ṣe yẹn, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe é, n kò gba kọ́bọ̀.

Adégbàyí tí ẹ̀yin mọ̀, tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù kún, tí mọ́tò ń gbà lọ sí Ifẹ̀, oko ni gbogbo rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé: kòkó, obì, ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan, dúdú, irin gidi, tí wọ́n ṣe ní Nottingham. Ọjọ́ tí o sọ pé Nottingham ni iṣẹ́ gbé ọ lọ, orúkọ ìlú náà kò ṣàjèjì sí mi rárá, mo ti ń kà á lára irin kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yìí la máa ń di kòkó gbígbẹ sí, tí a fi ń gbé e lọ fún oníwọ̀n ní Ẹgbẹ́dá. Àpò kòkó kan wúwo ju ọmọkùnrin tó ń gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọkùnrin ló ń gbé e.

Odò kan wà lọ́nà. Kò tóbi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè là á kọjá kí omi má kan ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bèbè rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pupa, bí òjò bá sì ti rọ̀, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Àwọn bàbá wa gé ìtì ọ̀pẹ méjì dábùú rẹ̀ ṣe afárá. Bí o bá débẹ̀, wàá sọ̀, wàá tú àpò, wàá rù ú kọjá, wàá padà wá gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, wàá tún di àpò. Gbogbo èyí ń jẹ àkókò, àwa ọmọkùnrin sì ń sá eré ìje láàárín ara wa: ẹni tó bá kẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ oníwọ̀n ni yóò ra àkàrà fún gbogbo wa.

Ọ̀kan wà nínú wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dá. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, a máa ń fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kì í ra àkàrà. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Àwa yòókù, a óò gun kẹ̀kẹ́ wọnú ẹrẹ̀ bèbè odò yẹn títí táyà yóò fi há, a óò máa tẹ̀ ẹ́, a óò máa bú u, títí kẹ̀kẹ́ yóò fi dà wá nù. Òun, bí ó bá ti kù bí ẹsẹ̀ bàtà ogún kó dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, lórí ilẹ̀ líle níbẹ̀, ni yóò ti gbé ẹsẹ̀ sọ̀, kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń sáré lọ, òun náà ń tiro sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára okùn àpò. Kí àwa tó ta ẹrẹ̀ nù lójú, ó ti wà ní òdì kejì.

Ojú ń ti èmi láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tètè sọ̀, lójú mi nígbà náà, ọ̀lẹ ni. Ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àrọ̀kúrò, mo ní èmi kò ní í sọ̀ rárá, mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lórí ìtì ọ̀pẹ náà kọjá pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Mo dé àárín. Táyà iwájú yọ̀. Èmi bọ́ sápá ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ bọ́ sápá òsì, àpò kòkó já, kòkó tí a ti fi ọ̀sẹ̀ kan sá sóòrùn tú dà sínú omi.

Bàbá mi kò nà mí. Ó ní kí n kó èyí tí mo rí kó, kí n lọ sá a, kì í ṣe ní ẹ̀yìnkùlé o, iwájú ilé ni, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí èmi náà sì jókòó tì í. Gbogbo ẹni tó ń lọ sóko, tó ń lọ sọ́jà, ló ń dúró bi mí pé kí ló dé tí kòkó fi ń rùn báyìí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń dáhùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti ń sọ ìtàn náà láìfi iyọ̀ sí i mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o tún wo fídíò eré rẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ yà fún ọ. Mo ti wò ó nígbà mẹ́rin. Ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú, lórí ilẹ̀ líle ni wọ́n ti ń gbé e sọ̀, pákó kò tíì dé. Ìwọ, ó dìgbà tí táyà bá há, tí ara rẹ sì ti tẹ̀ síwájú, kí o tó rántí pé o ní ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta lo ṣubú níbì kan náà. Ẹ̀mí rẹ kò kéré, ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni agbára kò tán lẹ́sẹ̀ rẹ. Mo rí i bí o ṣe ń gun òkè. Sísọ̀ ni ìṣòro. Ìgbéraga ìdílé wa ló wà nídìí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ ojú ara mi.

Ipò 31 ńkọ́? O ní bí àmì tí ènìyàn ti kó jọ bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń tò yín, pé ẹni tuntun ẹ̀yìn pátápátá ló ń dúró, ọ̀nà sì fún ní igun àkọ́kọ́, ẹ̀yin ẹ̀yìn á kàn dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó fi ìdajì ìṣẹ́jú ṣíwájú rẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, má fi í díwọ̀n ara rẹ. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di àwáwí náà o, torí ẹ̀yìn kan náà ni ẹni tó ṣe ipò 30 ti gbéra, ìwọ náà lo sì sọ fún mi pé ibi pákó ìkẹyìn ló ti já ọ sílẹ̀. Òun gan-an ni kí o máa wò. Jẹ́ kí ẹni kìíní máa lọ, ẹjọ́ rẹ kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ ní oṣù kẹwàá, ipò 19 lo ṣe. O fi àwòrán ìlù ránṣẹ́, o fi ti ijó ránṣẹ́, o ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀ wàá ti wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo kí ọ kú oríire, mo sì bá ọ yọ̀. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ bà mí, n kò kàn sọ ni. Ilẹ̀ gbígbẹ ló gbé ọ débẹ̀, o rò pé ìwọ ni. Báyìí tí ilẹ̀ rọ̀, ẹrẹ̀ ló fà ọ́ sẹ́yìn, o tún rò pé ìwọ ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú eré tìrẹ yìí, wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń fi ọ́ ṣẹ̀sín níwájú kò mọ ibi tí gbòǹgbò tó kọ ọ́ lẹ́sẹ̀ wà.

Àbúrò rẹ ka ìtàn obìnrin Netherlands kan fún mi, Marianne Vos. Ó gba adé àgbáyé eré yìí ní 2006, ó tún gbà á lọ́dọọdún láti 2009 dé 2014. Ara kọ̀ ọ́ ní 2015. Ní 2017 ó padà wá, ipò kejì ló ṣe. Ọdún 2022 ló tó rí adé náà gbà padà, ìkẹjọ rẹ̀ nìyẹn, ó sì jẹ́ pé ìgbà tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jọ sáré dé òpin ló tó borí. Ọdún mẹ́jọ láàárín adé keje àti ìkẹjọ! Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé náà fún ọkùnrin ní Paris. Ó di 2000 kí wọ́n tó ṣe ti obìnrin. Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ ìyẹn, ó ní, "Àádọ́ta ọdún! Àwọn wo ni wọ́n rò pé ó ń ru igi la ẹrẹ̀ kọjá látijọ́?"

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun tí o sọ, pé bí o bá máa tẹ̀ síwájú, àfi kí o ra ti olówó ńlá, àti òmíràn tí wàá máa pààrọ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ bá dí ti àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíràn dúró tì wọ́n pẹ̀lú omi láti fọ ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá wà lórí èkejì. Ìwọ, iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù ń dúró dè ọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, ọmọ Nàìjíríà tiwa, Ese Ukpeseraye, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a ló fi díje nínú eré kẹ̀kẹ́ track. Kò gba àmì ẹ̀yẹ. Ó gùn ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. N kò sọ pé ó dára kí ẹni tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè máa yá kẹ̀kẹ́ o. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, inú á sì bí mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ̀kẹ́ rẹ kò tíì ṣẹ̀ ọ́. Dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, kó lè dì mọ́ ilẹ̀. Jẹun kó tó di pé ebi ń pa ọ́. Lẹ́yìn eré, tètè wọ aṣọ gbígbẹ. Ó tán.

Ilẹ̀ Faransé ni eré cyclocross yìí ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ ló kà á; ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Daniel Gousseau ló ṣètò ìdíje àkọ́kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 1902. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì nígbà ooru ló ń wọ inú igbó nígbà òtútù kí ara wọn má baà di. Octave Lapize tó gba Tour de France ní 1910 sọ pé ohun tó fún òun lágbára nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, torí ó rán mi létí ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. O ní òkùnkùn ibẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára, pé láti iṣẹ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ibi iṣẹ́, o kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí o ti gba kẹ̀kẹ́ yẹn, ohùn rẹ ti yàtọ̀ lórí fóònù. Bí o ṣe ń sọ ìtàn bí o ṣe ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, ẹ̀rín wà ní ọ̀fun rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ní inú ń bí ọ. Ṣé o fẹ́ ta ìyẹn mọ́ ọn?

Bí o bá wálé ní Kérésì, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé. Táyà rẹ̀ ti jẹrà, ṣéènì ti dípẹtà, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ṣì le. Ilé ti bo ọ̀nà odò yẹn, afárá oníkọnkéré ló wà níbẹ̀ báyìí. Àmọ́ bèbè rẹ̀ ṣì jẹ́ amọ̀ pupa, n óò mú ọ débẹ̀ láti lọ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀. N kò ní í gùn ún o. Màá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, màá máa pariwo.

Ẹjọ́ màmá rẹ wá kù. Ó ní ihò omi inú ibi ìwẹ̀ yín ti dí, pé iye tí ẹni tó wá tú u gbà kò ṣeé fẹnu sọ, pé koríko àti amọ̀ ló fà yọ níbẹ̀. Ìyá mi, ìta ni kí o ti máa fọ bàtà àti kẹ̀kẹ́ yẹn kí o tó wọlé.